Ọwọ́ Tó Wà Nínú Aró

Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín ti fẹ́ ṣí ìwé yìí kọjá sí ibi tí ìtàn ìfẹ́ wà. Ẹ dúró ná. Ìtàn ìfẹ́ ni èmi náà fẹ́ sọ, àmọ́ ìfẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ni, irú ìfẹ́ tó ń mú ènìyàn jí ní ìdájí kó tó rántí pé ebi ń pa òun. Àwọn àgbà ní ohun tó wu ni ní í pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yẹn, ọdún yìí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi, owó ilé mi ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a lọ kó tó yé mi.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Olùkọ́ wa kan tó ń kọ́ wa nípa bí a ṣe ń dá òwò sílẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ kan gàdàgbà sójú pátákó: ÌTARA. Ó ní kò sí òwò tuntun tó lè mú ohun tuntun jáde bí ẹni tó dá a sílẹ̀ kò bá ní ìtara sí i. Ó sọ ìtàn àwọn ará Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà nínú gáréèjì. Lẹ́yìn náà ó dárúkọ Joseph Schumpeter, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ọmọ ilẹ̀ Austria, tó kọ ọ́ sínú ìwé ní 1911 pé ọ̀nà márùn-ún ni oníṣòwò gidi ń gbà mú ohun tuntun wọ ayé. Ó lè gbé ọjà tí kò sí tẹ́lẹ̀ jáde. Ó lè rí ọ̀nà tuntun láti ṣe èyí tó wà. Ó lè rí oníbàárà níbi tí ẹnikẹ́ni kò tà dé. Ó lè rí ohun èlò níbi tuntun. Ó sì lè tún ètò iṣẹ́ náà tò. Gbogbo kíláàsì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi ò kọ nǹkan kan. Ọkàn mi ti dé Ìtòkú, mo ń ṣírò owó.

Ọ̀sẹ̀ àṣà ti kù sí dẹ̀dẹ̀ nínú ọgbà wa nígbà náà, gbogbo ẹgbẹ́ ló sì ń wá àdìrẹ tí wọn yóò fi ṣe aṣọ ẹgbẹ́. Mo kó owó ilé tí bàbá mi fi ránṣẹ́, mo fi ra òdìdì aṣọ kan tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ bátànì àdìrẹ sí lára nílẹ̀ òkèèrè. Ó ń dán, bátànì rẹ̀ gún régé, owó rẹ̀ kò sì tó ìdajì owó àdìrẹ tí a fi ọwọ́ rẹ. Mo ní èmi náà ti di oníṣòwò. Kí n tó gbé e wá sí họ́sítẹ́ẹ̀lì, mo yà sọ́dọ̀ ìyá àgbà mi ní Ìtòkú. Aláró ni wọ́n. Ìyá wọn náà aláró. Mo fẹ́ kí wọ́n yìn mí.

"Ìyá Àgbà, ẹ wá wo àdìrẹ mi."

Wọ́n gba aṣọ náà, wọ́n yí ẹ̀yìn rẹ̀ síta. Ẹ̀yìn funfun báláú. Wọ́n gbé e sí imú.

"Ta ló rẹ ẹ́?"

"Ẹ̀rọ ni, mà."

"Ẹ̀rọ kọ́ ni mo bi ọ́ o. Mo ní, ta ló rẹ ẹ́?"

Kò sí èsì lẹ́nu mi. Àmọ́ ẹ mọ àwa akẹ́kọ̀ọ́, a kì í gbà pé wọ́n ti ká wa mọ́. Mo rántí pé mo ti ka díẹ̀ nínú ìtàn àdìrẹ rí, mo bá fa ọ̀rọ̀ yọ: "Ìyá Àgbà, ṣebí ẹ̀yin náà ń lo sódà? Nígbà ayé ìyá yín, wọ́n ní sódà ló fẹ́ ba àdìrẹ jẹ́. Ọba gan-an fòfin dè é. Ohun tuntun ni wọ́n mú wọlé, wọ́n sì bá wọn wí. Ohun tuntun ni èmi náà mú wá."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní, "Ìwọ lò ń lọ yunifásítì. Lọ ka ìtàn yẹn dáadáa, kó o wá sọ ibi tí ìwọ àti ìyá mi ti jọra fún mi."

Mo lọ kà á. Ohun tí mo rí nìyí.

Ní 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá tẹ̀dó sábẹ́ Olúmọ, lẹ́yìn tí ogun ti tú ìlú wọn ká nínú igbó Ẹ̀gbá. Aró dídá kì í ṣe ohun àjèjì sí àwọn obìnrin wa nígbà náà. Ewé elú ni wọ́n ń gún, wọ́n á mọ ọ́n ní bírí-bìrì bí ẹyin, wọ́n á sá a gbẹ. Wọ́n á sun igi di eérú, wọ́n á kó eérú náà sínú ìkòkò tí ìdí rẹ̀ lu, wọ́n á da omi sí i kó máa kán sínú ìkòkò ìsàlẹ̀. Omi eérú yẹn ni wọ́n ń rẹ elú sí, tí wọ́n á fi sílẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀ títí aró yóò fi jinná. Aró kì í yọ́ nínú omi lásán, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dúró dè é. Aṣọ tó bá jáde nínú ìkòkò á dà bí ewé tútù, bí atẹ́gùn bá ti fẹ́ sí i ló tó ń di dúdú. Ẹ̀ẹ̀kan kọ́ ni wọ́n ń kì í bọ̀ ọ́. Àìmọye ìgbà ni, kó tó dúdú bí wọ́n ṣe fẹ́.

Kíjìpá tí a hun nílé ni wọ́n ń rẹ tẹ́lẹ̀. Ìgbà tó yá, aṣọ funfun tẹ́ẹ́rẹ́ láti Manchester bẹ̀rẹ̀ sí ya wọ̀lú, pàápàá nígbà tí ojú irin Èkó sí Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1901, tó sì gba Abẹ́òkúta kọjá. Ẹlòmíràn ìbá ní iṣẹ́ ti bọ́, pé aṣọ òyìnbó ti dé, ta ni yóò tún ra kíjìpá? Àwọn aláró ò wò ó bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi ọwọ́ pa aṣọ náà, wọ́n rí i pé ó fẹ́lẹ́, pé ó ṣeé ká, ó ṣeé dì, ó ṣeé rán, ohun tí kíjìpá nípọn jù láti gbà. Ni wọ́n bá ń fi ìko di òkúta wẹ́wẹ́ àti kóró èso mọ́ ọn kí aró má baà wọ ibẹ̀. Àdìrẹ oníko nìyẹn. Àwọn kan fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán tiwọn, ìyẹn ni alábẹ́rẹ́. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ní Abẹ́òkúta ni pé agboolé Jójọlọlá ní Kémta ni iṣẹ́ yìí ti gbilẹ̀. Jójọlọlá yìí náà ló jẹ Ìyálóde Ẹ̀gbá lẹ́yìn Madam Tinúubú, tó kú ní 1887. Ẹ kíyè sí i: aláró ni Ìyálóde. Òwò ló gbé e dé orí oyè.

Wọn ò dúró síbẹ̀. Wọ́n ro láfún ní ẹ̀kọ, wọ́n po álọ́ọ̀mù mọ́ ọn, wọ́n ń fi í ya bátànì sára aṣọ kí aró má lè wọlé síbẹ̀. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ nìyẹn. Ní Ìbàdàn, ìyẹ́ adìyẹ ni wọ́n fi ń yà á, obìnrin kan lè jókòó ti aṣọ kan fún ọjọ́ gbọọrọ. Àwọn ará Abẹ́òkúta wá ọ̀nà àbùjá. Wọ́n mú páànù tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti inú àpótí tíì, àwọn ọkùnrin gé bátànì sára rẹ̀, àwọn obìnrin ń tẹ́ ẹ lé aṣọ, wọ́n ń fi ẹ̀kọ ra á lórí. Bátànì kan náà á jáde lórí aṣọ mẹ́wàá. Nígbà tí wọ́n ṣe àjọ̀dún ọdún 25 tí Ọba George Karùn-ún ti wà lórí oyè ní 1935, àwòrán ọba àti olorì rẹ̀ di bátànì àdìrẹ, wọ́n pè é ní Olóba. Ohun tí gbogbo ayé ń sọ lónìí, ọ̀la ti dórí aṣọ.

Ní àwọn ọdún 1920, kì í ṣe ará ilé nìkan ló ń ra àdìrẹ Abẹ́òkúta. Àwọn oníṣòwò láti Gold Coast, tí a ń pè ní Ghana báyìí, àti láti Sẹ̀nẹ̀gà ń wá kó o. Ẹ padà sí márùn-ún tí olùkọ́ wa kọ sójú pátákó, ẹ kà á. Ọjà tuntun: ẹlẹ́kọ. Ọ̀nà tuntun: páànù. Oníbàárà tuntun: Sẹ̀nẹ̀gà. Ohun èlò láti ibi tuntun: Manchester. Ètò iṣẹ́ tuntun: ọkùnrin ń gé páànù níbi iṣẹ́ tó jẹ́ ti obìnrin tẹ́lẹ̀. Àwọn obìnrin tí púpọ̀ nínú wọn ò mọ̀wé kà ti ṣe é tán, kò sì sí ẹni tó kọ orúkọ Schumpeter sójú pátákó fún wọn.

Ibi tí ìtàn náà ti le ni mo ń bọ̀ yìí.

Ní 1929 ọrọ̀ ajé gbogbo ayé dà wó. Owó kòkó àti ti èkùrọ́ pẹ̀lú epo já wálẹ̀, owó tán lápò àwọn tó ń ra aṣọ. Àwìn ni ọ̀pọ̀ aláró ń gba aṣọ funfun, gbèsè sì wà lọ́rùn wọn. Kí ni wọ́n máa ṣe? Ohun méjì ti wà nílé ìtajà àwọn òyìnbó nígbà náà. Èkíní ni sódà, kọ́sítíìkì, tó lè rọ́pò omi eérú. Èkejì ni aró tí wọ́n ṣe nílé iṣẹ́, irú èyí tí iléeṣẹ́ BASF ní Jámánì ti ń tà láti 1897. Pẹ̀lú ìwọ̀nyí, aró tó ń gba ọjọ́ púpọ̀ kó tó jinná á yá kíá, owó tí wọ́n ná sí i á sì dín kù. Àwọn aláró mú un lò.

Ariwo wá ta. Wọ́n ní aṣọ ń ṣá. Wọ́n ní ó ń tètè gbó, ó ń ya. Wọ́n ní ìyẹn ló lé àwọn oníbàárà òkèèrè lọ. Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì fòfin de sódà àti aró ilé iṣẹ́, pé kí gbogbo aláró padà sí elú àti eérú. Kì í ṣe pé ọba kórìíra àdìrẹ o. Ẹ jẹ́ kí n sọ òdodo: òun náà nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òkìkí ìlú rẹ̀ ló wà nínú aṣọ yẹn, ó sì rí i pé ó ń bàjẹ́. Ìtara wà lọ́wọ́ òsì, ìtara wà lọ́wọ́ ọ̀tún.

Àwọn obìnrin ò gbà. Wọ́n kọ ìwé ẹ̀hónú, wọ́n fi ẹjọ́ sun ìjọba àwọn òyìnbó, débi pé ní 1936 wọ́n gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ tórí ọ̀rọ̀ aró. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ rò ó wò: àwọn ìyá wa, tí aró ò kúrò léèékánná wọn, dúró níwájú ìgbìmọ̀ ìjọba láti sọ bí a ṣe ń rẹ aṣọ. Òfin náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Sódà dúró.

Mo padà sọ́dọ̀ Ìyá Àgbà, mo ní mo ti kà á. Mo ní òun tí mo rí ni pé àwọn obìnrin náà borí, pé ẹni tó bá mú ohun tuntun wá ló máa ń borí. Wọ́n mi orí.

"Ìyá mi ṣì kéré nígbà yẹn. Ohun tí wẹ́n máa ń sọ fún wa ni pé, ẹni tí ò rẹ aṣọ rí ló ń sọ bí a ó ṣe rẹ ẹ́ fún wa. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Sódà kì í ṣọ̀rẹ́ ẹnikẹ́ni. Bó bá pọ̀, ó ń bó ni lọ́wọ́. Bó bá kéré, aró ò ní mú. Aṣọ tó ṣá yẹn, òótọ́ ni, ó ṣá. Àwọn tó sáré lò ó láìwọ̀n ọ́n ló bà á jẹ́. Àmọ́ ta ló wá kọ́ wa bí a ṣe ń wọ̀n ọ́n? Ọba ni? Òyìnbó ni? Àwa tí ọwọ́ wa wà nínú ẹ̀ náà la wọ̀n ọ́n títí a fi mọ̀ ọ́n."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti yé mi. Gbogbo ènìyàn ló ní ìtara. Ọba ní in, òyìnbó tó ń ta aṣọ funfun ní in, ìtara owó tèmi náà kò kéré. Èyí tó ń bí ohun tuntun tó dúró ni ìtara ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wà nínú aró, nítorí pé òun nìkan ló máa mọ̀ nígbà tó bá kù díẹ̀ káàtó, òun náà ló sì máa tún un ṣe. Àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ. Ẹni tó dúró lókèèrè lè fẹ́ràn aṣọ, ohun tó mọ̀ kò ju kó ní kí ó dúró bó ṣe wà lánàá. Ẹni tó kàn rà á láti tà lè fẹ́ràn èrè, kò sí ohun tó fi kún un. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ló mú babaláwo máa dífá lọ́rọọrún. Àmọ́ babaláwo fúnra rẹ̀ ló ń dá a, kì í rán ọmọ ọjà lọ rà á wá.

Mi ò ní parọ́ fún yín pé ohun tuntun kì í pa ẹnikẹ́ni lára. Ẹ ronú kan àwọn tó ń já elú tà, àti àwọn tó ń sun eérú. Nígbà tí sódà dé, ta ni yóò ra tiwọn? Kò sí ìgbìmọ̀ ìwádìí kankan tó jókòó torí tiwọn. Nítorí náà, bí olùkọ́ bá kọ ìtara sójú pátákó, ó yẹ kó fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ fún àwọn tí ìtara ẹlòmíràn gba oúnjẹ lẹ́nu wọn.

Lẹ́yìn náà ni kàǹpálà dé, ní ìparí àwọn ọdún 1960 sí àwọn ọdún 1970. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé ìpàdé àlàáfíà ogun abẹ́lé wa tí wọ́n ṣe ní Kampala, ní Uganda, ní 1968 ni wọ́n fi sọ aṣọ náà lórúkọ. Àbẹ́là yíyọ́ rọ́pò ẹ̀kọ, àwọ̀ pupa, ewé àti òféèfèé dara pọ̀ mọ́ dúdú. Àwọn tó fẹ́ràn ẹlẹ́kọ ní ayé ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́. Ẹ dé Ìtòkú lónìí, kàǹpálà ló kún ibẹ̀, àwọn ọmọ aláró ló sì ń rẹ ẹ́.

Wàyí o, aṣọ tí mo rà ńkọ́? Ìyẹn yàtọ̀. Sódà wọ inú ìkòkò àwọn ìyá wa, ó di tiwọn. Àbẹ́là wọ inú rẹ̀, ó di tiwọn. Aṣọ ẹ̀rọ tèmi ò wọ inú ìkòkò ẹnikẹ́ni. Bátànì tí ọwọ́ ìyá ẹnìkan gé ni wọ́n yàwòrán rẹ̀, wọ́n sì fi tà á padà fún ọmọ rẹ̀. Nínú márùn-ún Schumpeter, èwo ni mo ṣe? Mo kà á títí, mi ò rí ọ̀kankan. Èmi ò dá nǹkan kan sílẹ̀, àárù ni mo ru.

Mo tà á ṣá o, nítorí owó ilé kì í ṣeré. Àmọ́ mo ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá rà á pé aṣọ títẹ̀ ni, kì í ṣe àdìrẹ. Àwọn kan fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn kan ní kí n dín owó. Mo dín in. Ẹgbẹ́ méjì ní kí n gba owó wọn padà fún wọn, mo dá a padà. Ohun tó kù tó ilé, kò tó ọbẹ̀. Gàrí ni mo jẹ parí sáà yẹn.

Láti ìgbà náà, gbogbo Sátidé tí ìdánwò ò bá sí, Ìtòkú ni mo ń wà. Aṣọ àkọ́kọ́ tí mo rẹ, ẹ̀kọ ti sán kó tó wọ aró, gbogbo bátànì bá dàrú bí ojú ọ̀run tó fẹ́ rọ òjò. Mo fẹ́ jù ú nù. Ìyá Àgbà yí ẹ̀yìn rẹ̀ síta, wọ́n gbé e sí imú, wọ́n bi mí ní ìbéèrè ọjọ́sí:

"Ta ló rẹ ẹ́?"

"Èmi ni, mà."

"Kò dáa. Tún un ṣe."

Wọ́n wá sọ aṣọ náà sórí okùn pẹ̀lú tiwọn. Mi ò tíì mọ̀ bóyá èmi ni mo máa gba ìkòkò àwọn ìyá àgbà mi tí mo bá ṣe tán níbí. Bàbá mi fẹ́ kí n wáṣẹ́ ìjọba. Mo kàn mọ̀ pé mo ti ní ohun kan tí mo fẹ́ dán wò: mo fẹ́ gé páànù tí yóò ní àwòrán géètì ọgbà wa lára, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe gé ọba ní 1935. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti gé e, ẹ̀ẹ̀mejì ló ti já láàárín.

Ẹni tó bá fẹ́ bá mi lọ, Sátidé ni. Kó mú aṣọ funfun kan dání, kó sì wọ èyí tó ti gbó. Aró kì í tètè kúrò léèékánná o, mo ti sọ tẹ́lẹ̀.